Ilé adìyẹ fún ìgbà òtútù: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Tí ẹ bá ń gbé Minnesota, Chicago tàbí Winnipeg, tí ẹ sì fẹ́ máa sin adìyẹ mélòó kan lẹ́yìnkùlé, oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti ra ohun tí ẹ máa rà, kí ilẹ̀ tó dì. Ọjà ìgbà òtútù pọ̀ lórí àtẹ, ooru sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà. Bẹ́ẹ̀, ara adìyẹ tó ti dàgbà gbóná tó 41°C, ìyẹ́ rẹ̀ sì tó o bora. Ọ̀rinrin ló ń ṣe é léṣe. Èémí àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń mú kí afẹ́fẹ́ inú ilé rin gbindin lóru. Omi yẹn á bà lé ògbe, òtútù á sì mú un níbẹ̀ títí ṣóńṣó ògbe á fi dúdú. Ìbéèrè tí mo fi wo gbogbo ọjà wọ̀nyí nìyí: ṣé ó ń jẹ́ kí ilé gbẹ?

Ilé: ti inú páálí, oníke tàbí ṣẹ́ẹ̀dì

Ilé onípákó tí wọ́n ń kó wá nínú páálí ló dínwó jù. Pákó rẹ̀ sábà máa ń fẹ́lẹ́, orùlé rẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀ débi pé ihò afẹ́fẹ́ kò lè ga ju orí adìyẹ lọ. Ẹ má tẹ̀ lé iye adìyẹ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀ rẹ̀: adìyẹ kan nílò tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 4 nínú ilé, àti 10 nínú ọgbà tí wọ́n ń jáde sí.

Oníke bíi Eglu Cube ti ilé iṣẹ́ Omlet sàn jù ú lọ dáadáa. Ògiri rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ àárín wọn ń dá òtútù dúró, kòkòrò kì í sì í rí ibi sá pamọ́ sí bíi ti inú pákó. Ó wọ́n, ó sì há fún ọjọ́ tí yìnyín bá pọ̀ tí adìyẹ kò fẹ́ jáde.

Ní tèmi, ṣẹ́ẹ̀dì ọgbà tí èèyàn lè nàró nínú rẹ̀ ló dára jù. Ẹ lu ihò sábẹ́ orùlé, lókè ibi tí adìyẹ ń wọ̀ sí, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ lù wọ́n lára. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ínǹṣì bò ó. Nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti adìyẹ, raccoon, ẹranko tó ń wá adìyẹ jẹ lóru, á fà á ya. Láàárọ̀ tí òtútù bá mú, ẹ wo gíláàsì fèrèsé àti àwọn ìṣó tó yọ sínú. Bí yìnyín funfun bá hù sára wọn, ihò kò tó nìyẹn.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Igi roboto tẹ́ẹ́rẹ́ kò yàtọ̀ sí okùn yẹn nínú òtútù. Pákó 2x4 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ tó fẹ̀ sókè. Adìyẹ á jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìyẹ́ àyà rẹ̀ á bo gbogbo ìka.

Amóoru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra gílóòbù pupa 250 watt. Eruku, ìyẹ́ àti koríko gbígbẹ ló kún ilé adìyẹ. Tí gílóòbù bá já bọ́ sí i, ilé lè jóná. Tó bá sì tàn tọ̀sán-tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́, kilowatt-hour 180 ni ẹ máa sanwó rẹ̀. Pátákó amóoru tí wọ́n ń gbé ti ògiri, 200 watt sísàlẹ̀, kò ní gílóòbù tó lè fọ́, ẹni tó bá sún mọ́ ọn nìkan ló sì ń mú lára yá. Ó dára fún adìyẹ tó ń ṣàìsàn tàbí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ re. Adìyẹ tí ara rẹ̀ le kò nílò rẹ̀. Tí iná bá lọ lóru ìjì yìnyín, èyí tí ooru ti mọ́ lára ló máa jìyà jù.

Omi

Ibí ni iná mànàmáná ti wúlò. Adìyẹ tí kò rí omi mu kò ní jẹun, ẹyin á sì dín. Abọ́ rọ́bà dúdú kò wọ́n, kì í sì í là: ẹ dà á dojú dé, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yìnyín á já jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nílé lọ́sàn-án ló wà fún. Abọ́ ajá tó ń gbóná, bíi 60 watt, rọrùn láti lò, àmọ́ ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹran abẹ́ ẹnu adìyẹ á máa rin, òtútù á sì jẹ ẹ́. Garawa tó ní ẹnu ìmu lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí amóoru kékeré wà nínú rẹ̀, ni mo yàn, torí kì í ta omi sílẹ̀. Inú ọgbà ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ lo wáyà tí wọ́n ṣe fún ìta àti sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI, tó ń já iná fúnra rẹ̀ tí iná bá fẹ́ gba ibi tí kò yẹ.

Ọgbà àti ilẹ̀

Ọ̀rá funfun tí wọ́n ń fi yí ọgbà ká kò wọ́n, ó sì ń gba oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n ìjì lè fà á ya kí òtútù tó tán. Páànù polycarbonate, ìyẹn ike líle tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, wọ́n, ó sì ń pẹ́. Tí ẹ bá fi í ṣe orùlé tó dagun dáadáa, yìnyín á máa yọ̀ kúrò. Tapólì ń ṣú ilẹ̀ mọ́ wọn lórí, yìnyín á sì jókòó sí i títí á fi já. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lókè.

Fún ilẹ̀ ilé, pákó tí wọ́n fá wẹ́wẹ́ ń fa omi ju koríko lọ. Yanrìn tó bá rin á dì bí òkúta.

Irú adìyẹ

Leghorn ń yé dáadáa, àmọ́ ògbe rẹ̀ tóbi, òtútù sì ń tètè mú un. Wyandotte tí ògbe rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí sàn. Chantecler ni ààyò mi: ní Oka, Quebec, ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì kan, Wilfrid Châtelain, ti ṣe é fún òtútù Kánádà, ògbe rẹ̀ kò sì ju èékánná lọ. Kì í pọ̀ lọ́jà, nítorí náà, ẹ bèèrè fún òròmọdìyẹ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n lè ti dàgbà kó tó di oṣù Kọkànlá.