Ìpadà sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Ìbímọ: Oṣù 3 ni, àbí Ọdún Kan?

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Èkó máa ń bi mí ni pé, ṣé kí wọ́n padà nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 3, àbí kí wọ́n dúró di ọdún kan, kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé tiwọn.

Ẹni tó bá tètè padà, kò ní tíì gbàgbé iṣẹ́ wọ́ọ̀dù; ẹni tó bá dúró lè san owó ọdún kan sí i, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé kí ó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmú ló le jù. Oṣù 6 àkọ́kọ́ ló yẹ kí ọmọ fi mu ọmú nìkan, nítorí náà ìyá tó tètè padà yóò máa fún ọmú sínú ìgò ní ìdájí, kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìdí-Àràbà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọmú náà ju wákàtí 4 lọ níta fíríìjì. Mo ti rí ẹni tí ọmú rin aṣọ funfun rẹ̀ gbingbin níbi tó ti ń wọn ìfúnpá aláìsàn. Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún kan ní tirẹ̀ ti ń jẹ ẹ̀kọ, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù 9.

Bí ìyá àgbà bá wà nílé, tí ilé kò sì jìnnà, mo fara mọ́ oṣù 3. Ẹni tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ, tàbí tí iṣẹ́ òru ń dúró dè láìsí ẹni tí yóò gbé ọmọ, ọdún kan ló yẹ ẹ́.