DeoxIT D5 àti F5: agolo méjì tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Bí fọ́lúùmù bá ń ta ṣáṣáṣá bí a ṣe ń yí i, tí sípíkà kan ń kú tó tún ń jí, àfi tí a bá gbá bọ́tìnì kí ohùn tó padà, oògùn rẹ̀ ni DeoxIT, oògùn inú agolo tí ilé iṣẹ́ CAIG ń ṣe, tí a ń fín sí ojú irin inú ẹ̀rọ orin kó lè mọ́. Ṣùgbọ́n bí orin bá ń dún bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti fàya, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, ẹ má tíì rà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé agolo yìí kò jẹ́, àìsàn mìíràn ni wọ́n lò ó fún.

Ìdánwò tó máa là á yé wa kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ pa amplifier (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún sípíkà), ẹ gbé wáyà sípíkà ọ̀tún sí ojú ti òsì, kí ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún. Bí ariwo kò bá kúrò lára sípíkà tó wà tẹ́lẹ̀, sípíkà náà ló bàjẹ́. Ẹ fi ìka mẹ́rin rọra ti bébà rẹ̀ wọlé, kí agbára wọn dọ́gba yíká; bí ẹ bá gbọ́ tó ń ha, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká sínú sípíkà) ti ń fara gbo irin nìyẹn. Ẹ wo fóòmù etí rẹ̀ náà: ó sábà máa ń jẹrà láàárín ọdún 10 sí 20, kódà bí a kò bá lò ó. Lórí mítà, sípíkà 8 ohm yẹ kó ka bíi 6. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já, kò sì sí ohun tí a lè fín sí i tó máa jí i.

Bí ariwo bá ṣí lọ sára sípíkà kejì ńkọ́? Ẹ dá wáyà sípíkà padà sáyè wọn, kí ẹ wá fi wáyà RCA (èyí tó ń gbé orin wá láti ara CD tàbí rẹdíò) ọ̀tún àti òsì dípò ara wọn lẹ́yìn amplifier. Bí ariwo bá tún ṣí, ẹ̀rọ tó ń gbé orin wá tàbí wáyà rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ sì rí i dájú pé kì í ṣe ojú phono lẹ ki CD bọ̀. Nǹkan bíi 5 mV (1,000 mV ló wà nínú 1 V) láti orí ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni ojú yẹn ń retí, CD sì ń tú tó 2 V jáde. Ohùn á fọ́ yánkanyànkan, bẹ́ẹ̀ amplifier kò ní àrùn kankan.

Bí ariwo kò bá ṣí nígbà tí a fi wáyà RCA dípò ara wọn, inú amplifier ló wà; bó bá sì ń yí padà bí a ṣe ń yí bọ́tìnì, ìgbà yẹn ni agolo wúlò. D5 wà fún ibi tí irin ti ń kan irin: ojú RCA, bọ́tìnì títẹ̀, èyí tí a fi ń yan CD tàbí rẹdíò, àti relay (súwíìṣì inú ẹ̀rọ tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa). F5 wà fún fọ́lúùmù, báàsì àti tírẹ́bù, nítorí pé orí kábọ́ọ̀nù ni irin inú wọn ti ń rìn, F5 sì ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. D5 náà lè pa ariwo fọ́lúùmù lẹ́nu mọ́, àmọ́ ó ń fọ ọ̀rá inú rẹ̀ lọ. Ẹni tí owó agolo kan ṣoṣo ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ fọ́lúùmù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, F5 ni kó mú. WD-40 lásán kò lè dípò èyíkéyìí nínú wọn. Òróró tó ń fi sílẹ̀ ń gba eruku.

Kí ẹ tó ṣí ìdérí, ẹ fa wáyà iná yọ kúrò lára ògiri, kí ẹ sì fún un ní bíi wákàtí kan. Àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì lè gbé yín. Lẹ́yìn fọ́lúùmù, nítòsí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ihò kékeré kan máa ń wà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fín in, kì í ṣe ara ọ̀pá iwájú, tí gírísì wà. Fífín ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Ẹnu agolo D5 ní ìpele mẹ́ta. Ẹ fi sí èyí tó kéré jù, torí àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣàn kiri orí bọ́ọ̀dù. Ẹ wá yí bọ́tìnì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ní ìgbà 20 sí 30, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó tan iná. Ohun tó wà nínú agolo náà ń gbiná, ẹ ṣí fèrèsé. Kapásítọ̀ tó ń yí, èyí tí rẹdíò fi ń wá ibùdó, ẹ má fín nǹkan sí i rárá.

Bí ohùn apá kan bá kéré tó sì ń ha, tó wá là lójijì nígbà tí a yí fọ́lúùmù sókè, relay sípíkà ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi D5 rin bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fà á kọjá láàárín ojú irin méjèèjì; ẹ má fi sandpaper ha á. Èyí á sún ọjọ́ síwájú ni, relay tuntun tí fóltì rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ló ń parí ọ̀rọ̀.

Bí ariwo fọ́lúùmù bá sì padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fín in mọ́. Ó lè jẹ́ pé kapásítọ̀ tó wà níwájú fọ́lúùmù ló ń jo DC (irú iná tó ń ti ara bátìrì wá) wọlé; bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ tún fi mítà wọn DC ní ojú sípíkà lẹ́yìn amplifier, nígbà tí orin kò dún: ó yẹ kó kéré sí 50 mV. Bó bá ti kọjá 100, ẹ yọ sípíkà kúrò lára rẹ̀ kó má baà jó, kí ẹ gbé amplifier fún ẹni tó ń tún un ṣe.