Ẹrù Oúnjẹ àbí Owó Lọ́wọ́ Ìyá?

Nígbà tí Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta 2020, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní sí ìkẹta pàdánù oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù oúnjẹ fún ìdílé, Àbújá sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ kàn: ìrẹsì kílò 5, ẹ̀wà kílò 5, epo pupa, òróró, iyọ̀, tòmátò alágolo àti ẹyin 15. Ìjọba ní owó rẹ̀ jẹ́ ₦4,200.

Bó bá jẹ́ owó ni wọ́n fún ìyá ọmọ ńkọ́? Owó kò wúwo, kì í fọ́ lọ́nà bí ẹyin, yóò sì tún bọ́ sọ́wọ́ ìyá aláta àti ẹlẹ́wà ní ọjà Kúbwa wa níbí ní Àbújá. Ṣùgbọ́n onílé ń retí owó ilé, gbèsè wà lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò sì ní àkáǹtì. Bí ọjà bá gbówó lórí, owó dín kù nìyẹn. Ìrẹsì kílò 5 kì í dín.

Nígbà tí ọjà bá wà ní títì, ẹrù oúnjẹ ni mo fara mọ́, pàápàá nítorí ẹyin yẹn: òun ni òbí kọ́kọ́ ń yọ kúrò lórí àwo ọmọ tí nǹkan bá le. Bí ọjà bá ti ṣí, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sáwọn ìyá, kíákíá.