Mo Bọ́ Bẹ́líìtì Àyà Sílẹ̀: Oṣù Mẹ́rin Pẹ̀lú Ti Apá Lórí Kẹ̀kẹ́

Kọ́mú àti bẹ́líìtì àyà tó ń ka ìlù ọkàn kò lè jọ gbé. Ibì kan náà ni wọ́n ń dù, lábẹ́ ọyàn gan-an, obìnrin tó bá sì ti fi àwọn méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta mọ ohun tí mò ń sọ. Kí n tó délé, ara ibẹ̀ á ti bó. Tí omi ìwẹ̀ bá wá kàn án, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ariwo mi. Tí òtútù bá mú láàárọ̀, mo tún gbọ́dọ̀ fi omi rẹ bẹ́líìtì náà kí n tó dè é mọ́ àyà, torí tí ojú tó kan ara bá gbẹ, òǹkà rẹ̀ á máa fò kiri bíi tata títí òógùn á fi jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò pé á rọ́pò rẹ̀ ni aago ọwọ́ mi. Ó ṣáà ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní náwó kún un. Tí mo bá jókòó tàbí tí mò ń rìn jẹ́jẹ́, mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àmọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Mò ń gun òkè, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnu mi ò pa dé, aago ní ìlù 104 ni ọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń ká aṣọ nínú yàrá ni ọkàn rẹ̀ ń lù bẹ́ẹ̀!

Aago náà kò bàjẹ́ o. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò bá kẹ̀kẹ́ mu. Bẹ́líìtì àyà máa ń gbọ́ iná mànàmáná kékeré tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń gbé jáde nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ lù. Aago kò gbọ́ nǹkan kan ní tirẹ̀, wíwò ló ń wò. Ó ń tan iná aláwọ̀ ewé sí awọ ara, ó sì ń ṣọ́ èyí tó bá padà. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé iná aláwọ̀ ewé mì, torí náà tí ọkàn bá lù tí ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ wá sábẹ́ awọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á dín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá fà sẹ́yìn, á tún pọ̀. Ìyẹn ló ń kà. Ẹ wá wo ọrùn ọwọ́ ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ó tẹ̀, àwọn iṣan tó wà níbẹ̀ ń yí, gbogbo gbọ̀ngbọ̀n ojú ọ̀nà ló ń gba ibẹ̀ kọjá, aago ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òde sì ń yọ́ wọlé sábẹ́ rẹ̀. Tí òtútù bá tún wá mú, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ á sún kì, èyí tí aago fẹ́ rí á wá dín kù sí i.

Apá kò ní wàhálà yẹn. Ẹran wà níbẹ̀ dáadáa, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mì tí a bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Èyí tí mo rà ni Polar Verity Sense, ohun róbótó kékeré kan tí wọ́n fi há inú bẹ́líìtì rírọ̀ tó ń fà. Iná mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mo máa ń wọ̀ ọ́ sí òkè apá, lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù, kí n fún un díẹ̀ ju bí mo ṣe ń fún aago lọ. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, mo ti gbàgbé pé nǹkan wà lára mi. Ó ń lo Bluetooth àti ANT+, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, pa pọ̀, torí náà kọ̀ǹpútà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ mi àti fóònù mi ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ́jọ́ kan, bẹ́líìtì, aago àti ti apá, mo dà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà sí ọsibítù. Lórí òkè tó gbà mí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ti apá àti ti àyà kò fi ju ìlù méjì lọ jìnnà síra. Aago? Ẹ jẹ́ ká fi aago sílẹ̀.

Ìgbà tí mo wá sáré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, tí mo sinmi, tí mo tún sáré, ni mo rí ìyàtọ̀. Bí mo ṣe parí eré kan, ti àyà ti dé 171, ti apá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní 158. Ó padà dé 169, àmọ́ nígbà yẹn mo ti dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró, mo ti ń mu omi. Bí gbogbo ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ọkàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn: wọ́n gbọ́dọ̀ kó ìlù mélòó kan jọ kí wọ́n tó dá nọ́ńbà wọn lójú. Ẹni tó bá ń gun ọ̀nà jíjìn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà yẹn darí eré kúkúrú á máa sáré tẹ̀lé àná.

Ẹnì kan bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lára awọ dúdú. Ìbéèrè gidi ni, torí ohun tó ń mú awọ dúdú náà máa ń gbé iná aláwọ̀ ewé mì. Dúdú ni mí, kì í ṣe díẹ̀, òkè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ̀rí mi. Fínfín ara ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má gbé e lé ibi tí wọ́n bá ti fi yíǹkì ya nǹkan sí, ẹ sún un sápá kan.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi sétí. Mi ò ní fi nǹkan dí etí mi lójú ọ̀nà tí mọ́tò wà. Òrùka náà wà, àmọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ìka. Ilé iṣẹ́ Garmin náà gbé HRM-Fit, ohun tó ń ka ìlù ọkàn, jáde lọ́dún 2024, èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ kọ́mú eré ìdárayá fúnra rẹ̀, kò sí bẹ́líìtì tí ẹ máa dè. Mi ò tíì lò ó, àmọ́ inú mi dùn pé ẹnì kan níbì kan rántí pé a ní ọyàn.

Mi ò tíì ju bẹ́líìtì àyà nù. Ọjọ́ tí mo bá ní eré kúkúrú, mo máa ń mú un jáde, mo sì tún ń lò ó láàárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo bá fẹ́ mọ àlàfo tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì, torí iṣẹ́ ìyẹn ń fẹ́ kí nǹkan pé géérégé. Ọ̀kan tó kù tí bẹ́líìtì fi ju ti apá lọ ni bátìrì. Bátìrì pẹlẹbẹ ló ń lò, ó sì lè pẹ́ oṣù púpọ̀. Ti apá ní láti gba iná, kò sì ní ojú tí ẹ máa wò tí ẹ ó fi mọ ohun tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ojú ọ̀nà kí ó tó kú mọ́ mi lápá, ẹ̀bi mi sì ni. Ní báyìí, tí mo bá ti fẹ́ fi iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ gba agbára, màá fi òun náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.