Ayàwòrán tó bá mi fi pẹ́ńsùlù ya màmá mi: ojú yẹn gan-an ni mo sanwó fún

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ẹni yìí, fọ́tò lèèyàn máa fi ránṣẹ́ sí i, á sì fi pẹ́ńsùlù yà á. Ohun tó jẹ́ kó gba máàkì lọ́wọ́ mi ni pé kó tó gbowó rárá, ó bi mí pé ibo ni mo fẹ́ kí màmá mi máa wò. Mo ní ibo ni wọ́n tún fẹ́ máa wò tí ò bá ṣe iwájú? Ó ní rárá o, tí wọ́n bá kọjú sí yín tààrà, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá dúró sí nínú yàrá, wọ́n á máa wò yín ni, torí pé pépà pẹlẹbẹ ni, bẹ́ ẹ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yẹn ò ní yí, àmọ́ tí wọ́n bá yíjú díẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa wò wọ́n. Mo ní kó yí i, torí bí màmá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì gbà gbọ́.

Ó tún ní kì í ṣe ẹyinjú nìkan lòun máa yí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wà ńbẹ̀. Òótọ́ ni o, William Wollaston, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Íńgíláǹdì, ti fi àwòrán ṣàlàyé ẹ̀ láti 1824: ojú kan náà, ẹ pààrọ̀ imú abẹ́ ẹ̀, ó ti ń wo ibòmíì nìyẹn.

Iṣẹ́ yẹn dé, ẹ wo ojú! Ìpéǹpéjú òkè bo dúdú ojú díẹ̀ (tí funfun bá yí i ká tòkè tìsàlẹ̀, ńṣe ni wọn ò bá dà bí ẹni tó rí iwin), òjìji ẹ̀ sì ṣú sórí funfun ojú. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlójú, pépà lásán ló fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, apá kan náà ló sì wà lójú méjèèjì.

Ibi tó kù sí: irun orí ti pọ̀ jù, ó yà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan débi pé ibẹ̀ lojú ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọlójú náà, pẹ́ńsùlù 8B (èyí tó rọ̀, tó sì dúdú gan-an) ló fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń dán, tí iná bá ti kọjú sí i, dúdú yẹn á funfun, ojú á sì kú. Pẹ́ńsùlù eléèédú ì bá dáa jù níbẹ̀, kì í dán.

Màá tún gbéṣẹ́ fún un ṣá. Ẹ má ṣáà fi fọ́tò tí wọ́n fi fíláàṣì yà ránṣẹ́, àárín ọmọlójú gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa ń bọ́ sí.