Ẹja Yíyan Odò Ògùn Lórí Àtẹ Ọ̀yọ́: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Fowó Rà?

Bí ẹ bá dé àtẹ ẹlẹ́ja ní Akẹ̀sán, ẹ bi wọ́n bóyá ẹja odò ni tàbí ti ọ̀sìn. Àrọ̀ Odò Ògùn dára gan-an lọ́bẹ̀. Ọ̀rá ti ọ̀sìn pọ̀ jù, ọ̀rá ọ̀hún ló sì máa ń kan bí ẹja bá pẹ́ nílé.

Òkè ẹ̀bá Ṣakí ni odò yìí ti ṣẹ̀. Ó gba agbègbè ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé (ẹni tó bá pẹja nínú ọgbà yẹn ti rú òfin), ó wọ dáàmù Ìkéré, ó la àárín Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn kọjá, ó gba Abẹ́òkúta kó tó já sí ọ̀sà Èkó. Ẹ̀yìn dáàmù Ìkéré, níbi tí omi ti dúró, làwọn apẹja ti ń rí àrọ̀ àti epìyà kó.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ rà á. Omi ti fà, ẹja ti kó jọ sínú ibú, ọyẹ́ sì ń bá iná gbẹ ẹ́. Nígbà òjò, odò kún, ẹja fọ́n ká, ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí pa kì í sì í tètè gbẹ.

Iná ló máa ń ba ẹja yìí jẹ́. Bí wọ́n bá koná mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀, awọ á le, omi á há sínú, yóò bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iná jẹ́jẹ́ ló fẹ́, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n sì ti yọ ìfun rẹ̀ dànù kó tó dórí ààrò. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ara àrọ̀ tútù ló jẹ́ omi, nítorí náà bí kìlógíráàmù kan àrọ̀ tútù bá gbẹ dáadáa, kì í ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ. Èyí tó bá wúwo lọ́wọ́, omi lẹ ń fowó rà.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn orí rẹ̀, níbi tí ẹran ti nípọn jù. Bó bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ẹnu àti abẹ́ etí rẹ̀ bóyá lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò jẹ sílẹ̀ wà níbẹ̀. Kó dúdú kò ní kó gbẹ. Bí òórùn oògùn kòkòrò bá ń jáde lára rẹ̀, ẹ má rà á rárá. Fífọ̀ kò lè mú un kúrò.

Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti iyọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ tó jù ú sí ata tó ti jinná. Bó bá tètè wọlé, á fọ́ dànù.

Ti epìyà, tútù ni kí ẹ rà á. Bó bá gbẹ tán, egungun ló kù.