Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta inducer "tuntun" fún hítà gáàsì ní Chicago

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Chicago, ẹ dákun, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí hítà yín lásìkò òtútù yìí, ẹ ka èyí tán.

Hítà gáàsì wa ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Tá a bá tàn án, inducer, ìyẹn fáànù kékeré tó ń fa èéfín gáàsì gba inú páìpù jáde síta, á máa dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, á sì kú. Bí kò bá sì fa èéfín dáadáa, pressure switch, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń ṣọ́ bóyá èéfín ń jáde, ò ní jẹ́ kí gáàsì ṣí, iná ò ní ràn. Nísinsìnyí ni mo mọ gbogbo ìyẹn o. Nígbà yẹn, òtútù nìkan ni mo mọ̀, àwọn ọmọ ń wọ jákẹ́ẹ̀tì sùn.

Wọ́n júwe arákùnrin kan fún mi, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. "Mọ́mì mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Kò tíì yẹ hítà wò dáadáa tó fi ní inducer ti jóná, tuntun wà nínú ọkọ̀ òun, $650, Zelle nìkan. Mo fi ránṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, ta ló ń dúró bèèrè rìsíìtì nígbà tí ilé dì bí yìnyín? Ó gbé ti àtijọ́ lọ, ó ní òun á bá mi dà á nù. Mo tún ń dúpẹ́! Mo tún di ìrẹsì fún un! Ìrẹsì àti ẹran!

Kò pẹ́ tí "tuntun" náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gàràgàrà. Mo pè é títí, kò gbé e. Nígbà tó yá, fọ́tò rẹ̀ pòórá lórí WhatsApp. Ó ti bùlọ́ọ̀kù mi. Mọ́mì rẹ̀! Báǹkì ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi owó ránṣẹ́.

Oníṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì ló wá tú inducer "tuntun" náà. Ó fi ẹnu skrudráfà họ ọ̀dà dúdú ara rẹ̀, ìpáàrà ló wà lábẹ́, pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ ọdún 2008. Èyí tó dùn mí jù ni pé túùbù kékeré tí omi hítà ń gbà jáde ló dí. Bóyá inducer mi ò tiẹ̀ ní àìsàn kankan! A ò lè mọ̀ mọ́, olè ti gbé e lọ.

Mi ò fọkàn tán ọlọ́jà kankan mọ́, ẹ má bínú, ì báà ṣe òyìnbó, ì báà ṣe ẹni wa.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ yẹ túùbù omi wò, àti rọ́bà tó lọ sí pressure switch, àti ẹnu páìpù níta, yìnyín tàbí ìtẹ́ ẹyẹ lè dí i. Ẹ fi nọ́ńbà ara hítà yín pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wáráńtì lè ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ ra álààmù carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró tí kò ní òórùn, tó sì ń pani. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ!

Ẹni tó bá ra inducer láìpẹ́, kó họ ọ̀dà rẹ̀ wò. Oníṣẹ́ kan ti fi máàkà kọ 10/2016 sára tèmi. Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi, tèmi ni.